Nígbà Tí Odò Bá Dé Ṣáájú Ìkórè: Àwọn Àgbẹ̀ Àjàrà Kékeré Létí Odò Orange

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Braamfontein, ní Johannesburg níbí, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Witwatersrand, ẹ̀yin oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń darí lọ sílé, àti ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń gbọ́ wa láti ilẹ̀ Yorùbá, gbogbo yín ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí dá lórí èso àjàrà, lórí odò, àti lórí ohun tó ń bá àgbẹ̀ kékeré nígbà tí omi bá ya bo oko rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ gan-an tó yẹ kó kórè.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan Braamfontein nínú ọ̀rọ̀ àjàrà, nígbà tí kò sí ọgbà àjàrà kankan láàárín àwọn ilé gogoro wa. Abẹ́ ẹsẹ̀ wa ni ìdáhùn wà. Òkè Witwatersrand tí Braamfontein jókòó lé ló pín omi àgbègbè yìí sí ọ̀nà méjì. Òjò tó bá rọ̀ sí apá àríwá òkè náà ń ṣàn lọ sínú odò Jukskei, ó ń gba odò Crocodile dé Limpopo, ó sì ń parí sí Òkun Íńdíà. Èyí tó bá rọ̀ sí apá gúúsù ń wọ odò Klip, Klip ń wọ Vaal, Vaal ń wọ odò Orange, Orange sì ń la ilẹ̀ gbígbẹ kọjá títí dé Òkun Àtìláńtíìkì. Lójú ọ̀nà yẹn, ní Upington, Keimoes àti Kakamas, ni oko àwọn àgbẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn wà. Nítorí náà, òjò tó ń lu òrùlé ní Johannesburg lóṣù Kìn-ín-ní lè wà lára omi tí yóò dé ìdí igi àjàrà ní Upington lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Bí ẹ ò bá rántí nǹkan mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí: pípọ̀ omi nìkan kọ́ ló ń ba àgbẹ̀ kékeré jẹ́. Àsìkò tí omi dé ló ń bà á jẹ́ jù. Àsìkò náà ló sì yẹ ká fi wọn gbogbo ìrànlọ́wọ́ tí a bá fẹ́ ṣe fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ náà. Láti ibí dé Upington tó nǹkan bí 800 kìlómítà lójú títì. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún kan kì í sábà ju 200 mìlímítà lọ, ooru ibẹ̀ sì máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí kò bá sí odò Orange, igbó ṣákálá àti òkúta ni à bá máa rí. Ṣùgbọ́n odò yìí, tó ti orí òkè Lesotho wá, tó gùn tó nǹkan bí 2,200 kìlómítà, ló sọ bèbè rẹ̀ méjèèjì di oko. Ní nǹkan bí ọdún 1882, ọkùnrin kan nínú àwọn ẹ̀yà Baster, Abraham September, la ojú omi láti inú odò náà wọ ilẹ̀ rẹ̀. Òun ni ìtàn Upington kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó fi omi Orange bomi rin oko lágbègbè náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn míṣọ́nnárì àti ìjọba wá gbẹ́ kànáàlì tó tóbi, tí ọgbà àjàrà sì tẹ́ lọ rẹrẹ.

Ooru àti gbígbẹ yẹn gan-an ló dára fún àjàrà tí wọ́n ń sá sóòrùn, èyí tí a máa ń rí nínú kéèkì àti búrẹ́dì, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní réísìn. Etí odò Orange ni èyí tó pọ̀ jù nínú àjàrà gbígbẹ Gúúsù Áfíríkà ti ń wá. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá ni wọ́n ti máa ń ká àjàrà tí wọ́n ń kó lọ tà ní tútù. Èyí tí wọ́n máa sá àti èyí tí wọ́n máa fún fún ọtí wáìnì ń pọ́n láti ìparí oṣù Kìn-ín-ní títí dé oṣù Kẹta.

Ẹ wá wo ibi tí ewu ti wọlé. Oṣù Kìn-ín-ní sí oṣù Kẹta yìí kan náà ni òjò ṣì ń rọ̀ púpọ̀ ní Johannesburg, ní ìpínlẹ̀ Free State àti lórí òkè Lesotho. Àgbẹ̀ Upington lè wà lábẹ́ oòrùn gangan, kí ojú ọ̀run rẹ̀ mọ́ kedere, síbẹ̀ kí omi tó máa kó oko rẹ̀ lọ ti wà lójú ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ìparí ọdún 2010 wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011. La Niña, ìyípadà inú Òkun Pàsífíìkì tó máa ń mú òjò pọ̀ ní ìhà gúúsù Áfíríkà, lágbára gan-an lọ́dún náà. Òjò kò dáwọ́ dúró. Dáàmù Vaal kún, Bloemhof kún, àwọn dáàmù ńlá méjì tó wà lórí odò Orange, Gariep àti Vanderkloof, náà kún. Nígbà tí dáàmù bá kún dé ẹnu, àwọn tó ń ṣọ́ ọ gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ògiri rẹ̀ má bàa ya. Omi yẹn kò ní ibòmíràn láti gbà ju ìsàlẹ̀ odò lọ. Ìjọba kéde àjálù ní ìpínlẹ̀ 8 nínú 9 tó wà ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní Upington, Keimoes àti Kakamas, odò jáde kúrò ní ojú rẹ̀, ó wọ ọgbà àjàrà nígbà tí èso wà lórí igi. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, torí àwọn àgbàlagbà ibẹ̀ ò gbàgbé ìkún omi ọdún 1974 àti ti 1988. Kò sì parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2023, ìjọba tún kéde àjálù jákèjádò orílẹ̀-èdè nítorí ìkún omi, ní àárín ìkórè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìbéèrè tó tọ́ ni pé, ṣé omi kọ́ ni igi ń fẹ́ ni? Báwo lomi ṣe wá ń ba àjàrà jẹ́?

Gbòǹgbò àjàrà ń mí. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín erùpẹ̀ ló ń lò. Bí omi bá bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ náà á tán, àwọn gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Nígbà òtútù, tí igi ti wọ́wé tó sì ń sinmi, ó lè fara da omi pẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ooru, nígbà tí ewé kún orí rẹ̀ tí èso sì ń fa agbára rẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ti tó láti ṣe é léṣe.

Èso fúnra rẹ̀ ńkọ́? Èso àjàrà tó ti pọ́n kún fún ṣúgà. Bí òjò bá ń rọ̀ lé e, tí gbòǹgbò sì ń fa omi lọ́pọ̀, èso náà á wú, awọ rẹ̀ á sì bẹ́. Ojú ibi tó ti bẹ́ yẹn ni olú aláwọ̀ eérú tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Botrytis ń gbà wọlé. Ó máa ń ran láti èso kan dé èkejì nínú ṣírí kan náà, kí àgbẹ̀ tó mọ̀, ìdajì ṣírí ti bu. Àrùn mìíràn tún wà tó ń mú ewé, tí ewé bá sì ti rẹ̀, oòrùn á jó èso tó kù. Kódà èso tí kò bẹ́ rárá á pàdánù adùn rẹ̀, nítorí omi ti là á. Adùn yìí ni wọ́n fi ń díye lé àjàrà. Ẹni tó bá mú èso omi wá, owó tí yóò gbà yóò dín.

Ti àjàrà gbígbẹ tún burú jù. Bíi tiwa pẹ̀lú kòkó ní Oǹdó àti Ìfẹ̀ ni iṣẹ́ náà rí: ẹni tó ká kòkó kò tíì ní kòkó, àfi ìgbà tó bá gbẹ. Orí pèpéle kọnkéré tàbí orí àtẹ wáyà ni wọ́n máa ń tẹ́ àjàrà sí lábẹ́ oòrùn, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbẹ dáadáa. Nǹkan bí kìlò 4 èso tútù ló ń di kìlò 1 èso gbígbẹ. Bí omi bá wá dé bá a lórí àtẹ ní ọjọ́ kẹwàá, kì í ṣe èso nìkan ló lọ. Iṣẹ́ kíká, iṣẹ́ gbígbé àti iṣẹ́ títẹ́ ti bá a lọ, owó àwọn tó ká a sì ti di gbèsè sọ́rùn olóko.

Lẹ́yìn èyí ni ẹrẹ̀. Nígbà tí odò bá fà sẹ́yìn, ó máa ń fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ lórí ewé, ó máa ń wó àwọn òpó àti wáyà tí àjàrà ń gùn, ó máa ń dí ojú kànáàlì, ó sì máa ń fọ́ òkìtì tí wọ́n kó sí etí bèbè láti fi dá omi dúró. Igi tó bá kú, wọ́n á tún un gbìn, ọdún kẹta ló sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í so èso tó ṣeé tà. Ọ̀sẹ̀ kan péré lomi lò, ọdún mẹ́ta ni àgbẹ̀ fi ń san án.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí òjò pa tó ní aṣọ mìíràn nílé kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí kò ní. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Eksteenskuil kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa.

Láàárín Keimoes àti Kakamas, odò Orange pín sí ẹ̀ka púpọ̀, àwọn erékùṣù sì wà láàárín àwọn ẹ̀ka náà. Orí àwọn erékùṣù yìí ni àwọn àgbẹ̀ Eksteenskuil ń gbé, tí wọ́n sì ń dáko. Àwọn tí orílẹ̀-èdè yìí ń pè ní Coloured ni wọ́n, àwọn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà fi òfin hámọ́ sí ibi tó bá wù ú. Oko ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju hẹ́kítà díẹ̀ lọ. Àjàrà gbígbẹ ni òpómúléró ọrọ̀ ajé wọn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí òwò aláìrẹ́jẹ tí wọ́n ń pè ní Fairtrade, àjàrà wọn sì dé ọjà Gẹ̀ẹ́sì nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ Traidcraft. Àṣeyọrí ńlá ni fún àwọn tí wọ́n ti fìgbà kan dí ọ̀nà ọjà mọ́.

Ṣùgbọ́n erékùṣù ni erékùṣù ń jẹ́. Afárá kéékèèké ló so wọ́n mọ́ ilẹ̀. Bí odò bá ga, afárá á rì, ọ̀nà á sì dí. Àgbẹ̀ tí omi kò tíì wọ oko rẹ̀ rárá lè wà ní erékùṣù pẹ̀lú èso tó ti pọ́n, kó má rí ọ̀nà gbé e jáde, kí òṣìṣẹ́ má rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí èso náà sì jẹrà lójú rẹ̀. Ojú àwọn ará Eksteenskuil rí irú rẹ̀ nínú ìkún omi ọdún 2011.

Ẹ wá fi àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ wé olóko ńlá. Olóko ńlá lè ní ilẹ̀ sí òkè àti sí ìsàlẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ bá rì, òkè á kù. Ó lè ní àjàrà tútù tó ti kó jáde nínú oṣù Kejìlá, kí omi tó dé. Ó ní yàrá tútù, ó ní ọkọ̀ akẹ́rù tirẹ̀, báńkì sì ń gbé fóònù rẹ̀. Àgbẹ̀ kékeré ní ilẹ̀ kan, igi irú kan, ìkórè kan lọ́dún. Láti ìgbà tó ti rẹ́wọ́ igi nínú òtútù, ló ti ń náwó: ajílẹ̀, oògùn, epo dísẹ́ẹ̀lì, owó omi kànáàlì. Gbogbo rẹ̀ ló ń retí ìkórè kan ṣoṣo yìí láti san. Adójútòfò tí ì bá ràn án lọ́wọ́ ti wọ́n jù fún ilẹ̀ tó wà létí odò, nítorí ilé-iṣẹ́ adójútòfò mọ ewu ibẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n.

Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé alágbàṣe. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, obìnrin pọ̀ nínú wọn, ló máa ń fi oṣù ìkórè wá oúnjẹ ọdún. Ẹni tí kò bá rí èso ká kò rí owó gbà. Ní orílẹ̀-èdè yìí, oṣù Kìn-ín-ní ni ọdún ẹ̀kọ́ tuntun máa ń bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ilé-ìwé, bàtà, ìwé, gbogbo rẹ̀ ń retí owó ìkórè. Bí omi bá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá, ojú ọmọ la ó ti kọ́kọ́ rí i.

Kí wá ni òfin sọ? Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2002 lórí bí a ṣe ń bójú tó àjálù. Ó jẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba àpapọ̀ kéde àjálù gẹ́gẹ́ bó bá ṣe gbòòrò tó, kí wọ́n sì lè yára gbé owó àti òṣìṣẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n kíkéde yàtọ̀ sí sísan. Lẹ́yìn ìkéde ni wọ́n á wá wọn oko, wọ́n á ka igi, wọ́n á kọ ìwé, ìwé á lọ sí olú-ìlú, á sì padà bọ̀. Oko àjàrà ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀ tí kì í dúró de ọ́fíìsì. Ìgbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹsàn-án, ni wọ́n ń gbin igi tuntun. Owó tó bá dé ní oṣù Kejìlá ti sọ ọdún mẹ́ta àgbẹ̀ yẹn di mẹ́rin.

Níbí gan-an, ní Braamfontein, ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tí omi lé nílé mọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2000, odò Jukskei kún, ó sì sọ ọ̀pọ̀ ará Alexandra ní Johannesburg di aláìnílé. Ìjọba fẹ́ kọ́ ibùgbé fúngbà díẹ̀ fún wọn lórí ilẹ̀ ìjọba tó jẹ́ ti ọgbà ẹ̀wọ̀n Leeuwkop, àwọn tó ń gbé ìtòsí ibẹ̀ sì gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Ilé-ẹjọ́ Òfin Orílẹ̀-èdè, tó ń jókòó ní Braamfontein nígbà náà, tó sì tún wà ní Constitution Hill lónìí, dá ẹjọ́ náà ní ọdún 2001. Wọ́n ní ìjọba ní agbára láti ran àwọn tí ìkún omi bá lé nílé lọ́wọ́, ojúṣe rẹ̀ sì ni lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé ni ẹjọ́ yẹn dá lé lórí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oko. Síbẹ̀, ìlànà tó wà nínú rẹ̀ tọ́ sí gbogbo wa: ẹni tí àjálù bá kò kì í ṣe alágbe níwájú ìjọba. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló ń béèrè.

Ẹ jẹ́ ká wo òkèèrè díẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2021, odò Ahr ní ilẹ̀ Jámánì kún lóru, ó sì pa èèyàn tó lé ní 130 ní àfonífojì náà. Àfonífojì ọlọ́gbà àjàrà ni, àwọn àgbẹ̀ kékeré ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìkórè ku bí oṣù méjì. Irinṣẹ́ ti lọ, ilé ìfúntí ti kún fún ẹrẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ àjàrà láti àgbègbè mìíràn ló kó katakata àti irinṣẹ́ tiwọn wá, wọ́n bá wọn tọ́jú igi, wọ́n sì bá wọn kórè. Àwọn ará Ahr kó ìgò wáìnì tí wọ́n wà jáde nínú ẹrẹ̀, wọ́n tà á bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára rẹ̀, àwọn èèyàn sì dá owó tó ju mílíọ̀nù 4 yúrò lọ. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn yìí ni pé ìrànlọ́wọ́ náà tẹ̀lé kàlẹ́ńdà oko. Wọn ò dúró kí èso jẹrà tán kí wọ́n tó wá kẹ́dùn.

Ẹ̀yin ará ilé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. A kì í gbin àjàrà ní ilẹ̀ wa púpọ̀, ṣùgbọ́n a ní odò, a ní dáàmù, a sì ní ìkórè tó máa ń pàdé omi. Ní ọdún 2012 àti 2022, odò Ọya àti Benue kún títí wọ́n fi wọ Lọ́kọ́ja. Ní 2022, ó lé ní 600 èèyàn tó kú ní Nàìjíríà, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan tó kúrò nílé. Oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá ni omi máa ń ga jù níbẹ̀, ìgbà yẹn náà ni ìrẹsì ń gbó. Omi tí wọ́n ṣí láti dáàmù Lagdo ní Kamẹrúùnù wà lára ohun tó ń kún odò Benue. Ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, omi tí wọ́n bá ṣí ní dáàmù Ọ̀yán máa ń wọ odò Ògùn, á sì dé bá àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní Ìṣẹ̀rì àti Arépo. Upington àti Ìṣẹ̀rì jìnnà síra wọn, ṣùgbọ́n bákan náà ni ọ̀rọ̀ wọn: ẹni tó wà lókè odò di ilẹ̀kùn mú, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń gba omi.

Kí la lè ṣe? Àwọn àgbà ní òkèèrè lolójú-jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Omi odò gígùn kì í dé lójijì bí mànàmáná. Láti dáàmù Vaal dé Upington, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló máa ń lò lójú ọ̀nà. Àwọn ọjọ́ yẹn ni ọrọ̀ àgbẹ̀ kékeré, bí a bá jẹ́ kó rí wọn lò.

Àkọ́kọ́ ni ìkìlọ̀. Nígbà tí àwọn elétò omi bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn dáàmù, kò tó kí wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn. Ó gbọ́dọ̀ dé orí fóònù àgbẹ̀, ní èdè tó gbọ́, kó sì sọ ohun tó lè lò: ọjọ́ wo ni omi máa dé, báwo ni yóò ṣe ga tó, afárá wo ni yóò rì. Ẹni tó bá gbọ́ ní ọjọ́ mẹ́fà ṣáájú lè ká èso tó ti pọ́n, kó kó èyí tó wà lórí àtẹ sókè, kó gbé ẹ̀rọ tó fi ń fa omi kúrò létí odò, kó sì kó ẹran àti àwọn ọmọ jáde. Ẹni tó gbọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀mí rẹ̀ nìkan ló lè gbé sá.

Èkejì ni àpò àjọní. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kì í ṣe fún títa ọjà nìkan. Nínú ètò Fairtrade, owó àlékún kan wà tó ń bọ̀ sọ́wọ́ ẹgbẹ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ló sì ń pinnu ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Bí wọ́n bá ń yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́dún tí ìkórè dára, wọ́n á rí owó san fún alágbàṣe lọ́sẹ̀ tí omi bá dé, kí wọ́n lè sáré ká èso. Àwa Yorùbá mọ àjọ, a mọ èésú. Ẹ jẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa nílé ní àpò tí wọn kò ní fọwọ́ kàn àfi lọ́jọ́ omi.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rí. Ẹ ya fọ́tò oko yín lọ́dọọdún kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé ẹgbẹ́, ìwé ilẹ̀ àti rìsíìtì ohun tí ẹ rà, kí ẹ sì kó wọn síbi tí omi kò lè dé. Lọ́jọ́ tí ìjọba bá dé láti ka ohun tó bàjẹ́, ẹni tó ní ìwé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ẹ̀kẹrin ni ohun tí à ń gbìn àti ibi tí à ń gbìn ín sí. Irú ìrẹsì tó ń tètè gbó lè jáde kúrò lóko kí odò Ọya tó ga. Pèpéle ìsájàrà tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ gíga, tí ẹgbẹ́ jọ ń lò, lè gba ìkórè ogójì àgbẹ̀ là. Kò sí ohun àrà nínú rẹ̀. Owó díẹ̀ àti ìfẹ́nukò ni.

Ẹ̀karùn-ún kan ìjọba, ó sì kan àwa tí à ń dìbò. Ẹ jẹ́ ká béèrè pé kí wọ́n fi kàlẹ́ńdà oko sínú ètò àjálù. Owó alágbàṣe gbọ́dọ̀ dé láàárín ọ̀sẹ̀. Owó igi tuntun gbọ́dọ̀ dé kí ìgbà gbígbìn tó kọjá. Òkìtì tó ń dá omi dúró gbọ́dọ̀ di títún ṣe kí oṣù Kọkànlá tó wọlé, nítorí lẹ́yìn ìgbà yẹn òjò tuntun á ti dé.

Ẹ̀yin ará Johannesburg, omi tí à ń mu nínú ilé wa, inú dáàmù Vaal ni wọ́n ti ń fà á. Ẹnu wa àti oko wọn jọ so mọ́ odò kan náà. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ nínú ìròyìn pé wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn dáàmù Vaal, ẹ má ṣe gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ tí kò kàn yín. Bí ẹ bá ní ojúlùmọ̀ ní Keimoes, ní Kakamas, tàbí ní ìlú èyíkéyìí létí Orange, ẹ pè é lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ̀yin tó wà ní ilé-iṣẹ́ omi, ní ilé-iṣẹ́ ìròyìn, ní yunifásítì wa níbí, ẹ lo ìmọ̀ yín láti mú kí ìkìlọ̀ náà yá kánkán, kó sì yé àwọn tó ń dúró dè é. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ní oko létí odò Ògùn tàbí Ọya, ẹ bá ẹgbẹ́ yín sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ yan ẹni tí yóò máa gba ìkìlọ̀ àti ẹni tí yóò máa pín in, kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀. A kò lè ní kí òjò má rọ̀, ṣùgbọ́n a lè rí i pé àgbẹ̀ tó ṣiṣẹ́ ọdún kan gbáko gbọ́ ìròyìn omi kí omi tó gbọ́ ìròyìn rẹ̀.